Ẹ Má Gé Igi Oró Yín Dànù, Ojú Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Kò sẹ́ni tó wọ ilé wa ní Ìtòkú, l’Abẹ́òkúta, tí kì í béèrè igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Ara rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tò sí etí igun kọ̀ọ̀kan, ewé kéékèèké sì ń yọ láàárín ẹ̀gún. Àwọn tó ń ta òdòdó ń pè é ní cactus, ṣùgbọ́n kì í ṣe cactus. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni cactus ti wá, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní oje funfun. Oró lèyí, Euphorbia trigona lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àárín gbùngbùn Áfíríkà níbí ló ti ṣẹ̀ wá. Bí ewé rẹ̀ kan bá já, oje funfun á sun jáde lójú ẹsẹ̀.

Oje yẹn ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ìyá kan ládùúgbò wa tiẹ̀ bẹ̀ mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé nǹkan yìí dànù kó tó fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn, oje náà le. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àdìrẹ ni mo ń ṣe. Láti kékeré ni kọ́sítíìkì sódà, èròjà aró tó máa ń jó ara, ti wà nílé wa, a ò sì torí rẹ̀ pa iṣẹ́ aró tì. A mọ ibi tí à ń gbé e sí, a sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe oró mi.

Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gé ẹ̀ka lára rẹ̀, ìta ni mo ti ń gé e. Mo á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí mo fi ń pa aṣọ láró, mo á sì wọ awò ojú. Kí ọ̀bẹ tó wọlé tán, oje á ti máa kán tó-tó-tó. Mo á ki ojú ibi tí mo gé bọ omi títí oje á fi dá, mo á wá tẹ́ ẹ sórí páálí níbi tí oòrùn ò dé, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, títí ojú ọgbẹ́ náà á fi gbẹ. Ẹ má kánjú gbìn ín o. Èyí tí ojú rẹ̀ ṣì tutù, jíjẹrà ló máa jẹrà. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ìbọ̀wọ́ náà kí n tó bọ́ ọ, torí lẹ́yìn iṣẹ́ gan-an lewu wà: èèyàn á ti ṣe tán, á wá fi ọwọ́ kan náà nu òógùn ojú.

Bó bá ta sí yín lára, ẹ kọ́kọ́ fi àkísà gbígbẹ nù ún kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Ó máa ń lẹ̀, omi lásán kì í tètè mú un kúrò. Bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ má ra á. Ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wò ó di ọ̀la, torí ìrora náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa le sí i lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ojú sì lè ṣe bàìbàì fún ọjọ́ mélòó kan. Omi ọmú, omi ṣúgà, ìtọ̀, epo: mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á sójú ọmọ.

Ọmọkùnrin kan tún wá tọrọ oje náà, ó ní òun fẹ́ fi pa làpálàpá. Mi ò fún un. Ó ní ṣebí òyìnbó ń fi ṣe oògùn. Òótọ́ wà níbẹ̀: lọ́dún 2012, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara kan tí èròjà rẹ̀ wá láti ara irú oró kékeré kan, fún awọ ara tí oòrùn ti bàjẹ́. Ìwọ̀nba kíún ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2020, Yúróòpù dá títà rẹ̀ dúró nítorí ìbẹ̀rù àrùn jẹjẹrẹ. Bí èyí tí wọ́n wọ̀n bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tó ń kán látara igi?

Ìtọ́jú rẹ̀ tó kù ò le rárá. Iyanrìn odò Ògùn tí àwọn bíríkìlà ń lò ni mo pò mọ́ ilẹ̀dú, iyanrìn sì pọ̀ jù ú lọ. Ìkòkò amọ̀ tó nihò nídìí ló wà. Mo máa ń ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ìkòkò náà. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì tó àkókò láti bomi rin ín. Omi àpọ̀jù ló ń pa oró. Nígbà ọyẹ́, omi tí mo ń fún un máa ń dín kù gan-an, ewé rẹ̀ sì lè rẹ̀ dànù. Ẹ má bẹ̀rù, òmíràn á yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l’Abẹ́òkúta tí ẹ sì fẹ́ ẹ̀ka, ẹ fún mi gbọ́, mo á gé e, mo á sì jẹ́ kó gbẹ kí n tó fún yín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ń rákò bá wà nílé yín, mo á fún yín ní àbámodá ná. Ẹ padà wá gba oró nígbà tí ọmọ náà bá ti gbọ́n.