Gìtá Tí Mo Ń Fi Ọ̀pá Họ́kì Tó Kán Ṣe

Sátidé àkọ́kọ́

Inú pàǹtí ni mo ti rí ọ̀pá náà, lẹ́yìn ilé yìnyín tí Tóbi ọmọ mi ti ń gbá họ́kì níbí ní Burnaby, lẹ́bàá Vancouver ní Kánádà. Abẹ rẹ̀, ibi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá, ti kán dànù, ṣùgbọ́n ọ̀pá gan-an ṣì gún régé, téèpù dúdú ṣì wé mọ́ orí rẹ̀. Pákó ni o, kì í ṣe oní-carbon tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé kiri. Mo bi bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ bóyá mo lè mú un. Ó ní kí n kó gbogbo pàǹtí náà lọ bó bá wù mí. Ẹyọ kan ni mo fẹ́, láti fi ṣe gìtá olókùn mẹ́ta.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lágbègbè yìí, ó ti pẹ́ tí orin pọ́ńkì, orin gìtá aláriwo tó yára, àti họ́kì ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà. D.O.A., ẹgbẹ́ pọ́ńkì tó bẹ̀rẹ̀ ní Vancouver lọ́dún 1978, ní ẹgbẹ́ họ́kì tiwọn. Joe Keithley tó ń kọrin fún wọn, àwọn ará Burnaby dìbò fún un lọ́dún 2018, ó di kánsílọ̀. Ní òdìkejì omi, ní Victoria, ọmọ ìyá méjì, Rob àti John Wright, dá NoMeansNo sílẹ̀ lọ́dún 1979. Orin wọn lọ́ mọ́ra bí okùn kànga. Nígbà tó yá, wọ́n gbé aṣọ họ́kì wọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Hanson Brothers, orúkọ àwọn oníjàgídíjàgan mẹ́ta inú fíìmù họ́kì Slap Shot ti ọdún 1977, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bíi Ramones, ẹgbẹ́ pọ́ńkì ará Amẹ́ríkà. Àwo wọn ti ọdún 1992 ń jẹ́ Gross Misconduct, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kan tó ń lé èèyàn kúrò lórí yìnyín. Àwàdà ni, àmọ́ àwàdà wo ló ń bí àwo léraléra?

Ọjọ́rú

Ọ̀pá náà ò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Ìdí nìyẹn tí okùn ò fi lè ju mẹ́ta.

Iṣẹ́ òní ni fífa àwọn ìlà tí wáyà irin máa jókòó sí lọ́rùn gìtá. Okùn mi gùn ní mìlímítà 635. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi 17.817 pín in, ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn, 35.6. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ tún pín ìyókù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò yọ nǹkan kan. 35.6, 35.6, 35.6, mo ń fi pẹ́ńsùlù fà á lọ bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Ìlà karùn-ún bọ́ sí 178, bẹ́ẹ̀ 159 ló yẹ kó wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo rántí pé ìlà kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìdajì okùn gẹ́lẹ́. Mo fi sáńpépà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Sátidé kejì

Ọgbọ́n àgbọ́njù ọjọ́ òní rèé. Mo ní bí ọrùn bá jẹ́ ọ̀pá họ́kì, kí puck, ohun pẹlẹbẹ roboto tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì, kúkú jẹ́ afárá tó máa gbé okùn sókè. Róbà líle ni puck, ínǹṣì mẹ́ta ní fífẹ̀, ínǹṣì kan ní nínípọn. Mo fi ayùn onínáá gé e. Òórùn táyà gba gbogbo ilé.

“Bàbá Tóbi! Táyà ta lẹ̀ ń sun nínú gáréèjì yẹn?”

Mo de okùn, mo ta á. Pọ̀. Bí ẹni ń fi ìka ta ìrọ̀rí. Róbà náà ń gbé ìró mì. Wọ́n dá a kó lè jẹ ìyà ni, wọn ò dá a kó máa kọrin. Tóbi ní, “Dádì, ẹ gbé e sí fírísà.” Ọmọ náà ò sọ̀sọkúsọ, torí wọ́n máa ń mú puck dì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa ta sókè lórí yìnyín. Mo tì í sáàárín ẹja àti ewédú mọ́jú. Láàárọ̀, ìró náà jí díẹ̀. Kí n tó mu tíì tán, ó ti sùn padà.

Mo fi bóòtù irin kan, irú èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè, rọ́pò rẹ̀, ni àpótí sìgá tí mo fi ṣe ikùn gìtá bá lanu. Mo sọ puck tó ṣẹ́kù di bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò.

Àìkú

Mo de okùn sí ìró G, D, G. Bí ẹ bá tẹ ìka kan ṣoṣo dábùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìró tí pọ́ńkì fi ń jẹun ti wà lọ́wọ́ yín, láìsí ìró àárín tó ń sọ bóyá inú olórin dùn tàbí ó bàjẹ́.

Àwọn kan máa ń ní ìjà ló so họ́kì àti pọ́ńkì pọ̀. Mo gbà díẹ̀. Ní Boston, ẹgbẹ́ pọ́ńkì Dropkick Murphys kọrin fún ẹgbẹ́ họ́kì Bruins, ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 2010 sì rèé, wọ́n kọrin ní pápá Fenway níbi tí wọ́n ti gbá họ́kì ní gbangba ìta. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn wọn tí kò ní ronú ẹ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, aago ni. Ẹni tó bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lórí yìnyín, ìṣẹ́jú méjì ló máa fi jókòó sí àhámọ́. Orin Ramones tí gbogbo pápá ń fi “Hey! Ho!” pariwo, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ni. Kò sáyè àlàyé nínú méjèèjì.

Nítorí náà mo fi ìyẹn ṣe ìdánwò: gìtá gbọ́dọ̀ gba lílù kíkankíkan fún ìṣẹ́jú méjì láìdúró. Tóbi jókòó lórí gálọ́ọ̀nù ọ̀dà, ó di fóònù mú, ó ń ka aago. Mo lù ú. Àpótí ń gbọ̀n, téèpù orí ọ̀pá ń tú, ìka mi ń ta mí. Ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 34, okùn tó tín-ín-rín jù já, ó sì nà mí lọ́wọ́.

Mo fẹ́ dìde. Tóbi na ọwọ́, ó dá mi dúró bíi rẹfirí.

“Dádì, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 26 kí ẹ tó lè jáde.”