Kí Ẹ Tó Ní Kí Mairie Kọ́ Ilé Ìwòsàn sí Abúlé Yín

Ohun tó yé mi jù nínú ọ̀rọ̀ ìlera ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni pé ọwọ́ méjì ló gbé ilé ìwòsàn abúlé dání. Láti ìgbà òfin 15 oṣù kìíní 1999, mairie, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ló ni kíkọ́ ilé ìwòsàn arrondissement (ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀) àti ti abúlé, ríra ohun èlò sí i àti títún un ṣe. Àmọ́ agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìjọba orílẹ̀-èdè ló ń pín wọn. Ẹni tí kò mọ èyí á kàn máa bínú sí maire, olórí mairie, lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Wọ́n á kọ́lé, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi ìlù ṣí i, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì torí kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bá dókítà tó ń darí zone sanitaire, ìyẹn ẹkùn ìlera, sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ yẹ, òun á sì béèrè òṣìṣẹ́ fún un. Ìwé yẹn lẹ ó mú dé mairie, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí secrétaire exécutif, akọ̀wé àgbà mairie, torí láti ìgbà òfin 2021 òun ló ń fọwọ́ sí ìnáwó.

Ojú ìwé kan ti tó: iye ènìyàn abúlé, bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò òjò, iye obìnrin tó ń bímọ lóṣù, devis oníṣẹ́ (ìwé iye tí iṣẹ́ máa ná wa). “Ẹ ṣàánú wa” kò wúlò níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́, bí àpẹẹrẹ, pé páńpù omi ti bàjẹ́, iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa gbà rèé, àwa la ó máa dáwó ìtọ́jú rẹ̀.

Àpò méjì ni owó mairie ń gbà jáde. Ilé ń jáde láti inú investissement, àpò owó ohun tí à ń kọ́ tàbí tí à ń rà. Epo ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, owó ẹni tó ń gbálẹ̀ àti àtúnṣe fìríìjì ń jáde láti inú fonctionnement, àpò owó ìnáwó ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ abúlé kì í béèrè èkejì, ó sì dùn mí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí tẹmómítà. Eruku ọyẹ́ bo pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó ń fún fìríìjì níná, bátìrì rọ, kò sẹ́ni tó wo tẹmómítà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn, ìyá tó rìn wá láti oko á gbé ọmọ rẹ̀ padà láìgba abẹ́rẹ́. Aṣọ tútù tí a fi nu pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tuntun ni ì bá yanjú rẹ̀.

Ohun tí kò bá sí nínú PDC (ètò ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀) àti nínú ètò iṣẹ́ ọdún náà, a kì í sanwó rẹ̀, bí maire tilẹ̀ ṣèlérí ní gbangba. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé yín dé kí wọ́n tó jókòó lórí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Gbangba ni ìpàdé ìgbìmọ̀. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀.

Ti ARCH, ètò ìjọba tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2019, tó ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tí ìṣẹ́ ń bá jà jù: orúkọ ló sábà máa ń dí i. Ìwé ìbí ní Ìyábọ̀, káàdì ní Yabo, wọ́n á ní kí ìyá náà padà. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní ìwé, pàápàá àwọn tí wọ́n bí sí apá ibodè Nàìjíríà.  Ẹ béèrè pé kí òṣìṣẹ́ état civil, àwọn tó ń forúkọ ìbí sílẹ̀, máa bá àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé, kí wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.