Ta Ni Yóò Yáná Ọ̀hún?

Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ń ṣú nírọ̀lẹ́. Bọ̀dá tó máa ń bá wa la igi wá láàárọ̀, ó la èyí tí ọkọ̀ já sílẹ̀ láti ọ̀nà Ìkirun, mo sì tò ó sẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ òní nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tí Màámi sọ ni kò kúrò létí mi.

Àbúrò mi pè láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà ń la igi. Ó ní kì í ṣe ti òtútù tó ń bọ̀ yìí o, ti èyí tó máa tẹ̀ lé e ni, torí óòkù, igi líle kan lọ́dọ̀ wọn, lè gbà tó ọdún méjì kó tó gbẹ dénú. Màámi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ọkọ mi, ta ni yóò yáná ọ̀hún?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Bóyá pé ó jìnnà ni wọ́n ní lọ́kàn. Bóyá ọ̀rọ̀ ilé wíwá ni wọ́n ń bá a sọ láìdárúkọ rẹ̀, torí ẹni tó ń to igi de ọdún méjì sí i ò jọ ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Tàbí ọjọ́ orí ara wọn ni wọ́n ń… Rárá, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Màámi kan náà ló kọ́ wa pé igi kì í sùn sórí ilẹ̀: blọ́ọ̀kù nísàlẹ̀, páànù lórí, kí ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bí àbúrò mi ṣe ń tò ó lọ́hùn-ún náà nìyẹn. Láti 2021 ni òfin ti dé ibẹ̀ pé igi ìdáná tí wọ́n bá ń tà ní díẹ̀díẹ̀ ò gbọdọ̀ ní omi tó ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ó ní ẹ̀rọ tó fi ń wọn tirẹ̀. Màámi a kàn fi ẹ̀là méjì lu ara wọn, wọ́n á fetí sí i. Tó bá dún gbá, ó ti gbẹ.

Inú tún ń bí mi. Gáàsì wà nílé, wọn ò jẹ́ fi se ẹ̀wà. Mo sì ń gbọ́ ikọ́ wọn lóru. Igi tútù ló ń rú èéfín jù, ìdí tí mo fi ń sáré kó o jọ kí òjò tó mú un nìyẹn. Nítòsí ibí, ta ló jẹ́ yọ àáké sí igi Igbó Ọ̀ṣun? Ọ̀nà jíjìn nigi ti ń wá, tí ọ̀nà oko bá sì ti di ẹrẹ̀, owó rẹ̀ a gbé sókè.

Ìyá àgbà tó bí Màámi, aláró ni wọ́n. Igi tí wọ́n bá fi dáná tán, eérú rẹ̀ ò gbọdọ̀ dànù, omi tí wọ́n bá sẹ́ lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀lú. Ṣé ẹnì kan bi wọ́n rí pé ta ni yóò wọ aṣọ ọ̀hún?

Lọ́yẹ́ tó kọjá, Màámi jókòó ti ààrò títí oòrùn fi mú. Ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀.

Mo ti pe bọ̀dá yẹn padà, mo ní kó fi ẹrù mìíràn kún un lọ́jọ́ Ajé, igi tó nípọn ni kó kó wá, èyí tí kò ní gbẹ bọ̀rọ̀. Màámi ò tíì mọ̀.