Kí ẹ tó tún ilé àtijọ́ yín ṣe, ẹ wá ọ̀nà omi ná

Ẹni bá ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ láàárín ìgboro, irú èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn tí òun àti aládùúgbò jọ ń lo ògiri kan, olùgbani-nímọ̀ràn ò ní wọ́n ọn. Wọ́n á ní fèrèsé ti gbó, kó yọ ọ́. Wọ́n á ní kó rẹ́ ògiri iwájú kó lè máa dán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, àti ibi tó yẹ kó máa gbà jáde.

Ògiri iwájú ilé tí mò ń gbé ló là mí lójú. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo àárín bíríkì rẹ̀. Láti òdìkejì títì, ó mọ́ tónítóní. Ẹ sún mọ́ ọn: ojú bíríkì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, bí mo bá fọwọ́ rá a, eruku pupa ló ń bá ọwọ́ mi bọ̀. Sìmẹ́ńtì ní tirẹ̀ dúró gbagidi, ó ti wá yọ síta ju bíríkì lọ.

Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ sìmẹ́ńtì Portland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pẹ́ kó tó gbòde. Láìmù ni wọ́n fi ń kọ́lé tẹ́lẹ̀: òkúta ẹfun tí wọ́n jó nínú iná, tí wọ́n bu omi pa, tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn. Láìmù rọ̀ ju bíríkì lọ, ọ̀rinrin sì ń rí inú rẹ̀ gbà jáde. Sìmẹ́ńtì le koko, ó dínà mọ́ omi. Omi á wá gba ojú bíríkì jáde, iyọ̀ tó gbé dání á dì síbẹ̀, á máa ti bíríkì ya. Níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Láìmù ló yẹ kó jẹ ìyà náà, torí pé òun ló rọrùn láti pààrọ̀.

Nítorí náà, ẹ wá bíríkìlà tó mọ láìmù. Ẹ bi í pé kí ló máa fi yọ sìmẹ́ńtì náà. Tó bá dárúkọ ẹ̀rọ agégi-gérin dípò òòlù àti síséẹ̀lì, ẹ kí i pé ó ṣeun, kó máa lọ. Bó bá sì ti fi láìmù tuntun sí i, kí ó fi àpò tútù bò ó kí oòrùn má tètè gbẹ ẹ́.

Fèrèsé ńkọ́? Káfíńtà kan ní kí n kó àwọn onígi tó ń lọ sókè-sódò yẹn dànù, kí n fi oníke sí i. Mo kọ̀. Okùn tó so fèrèsé mọ́ irin tó ń fà á sókè ló já, kì í ṣe pé igi jẹrà. Ìlẹ̀kùn pẹ́ńpé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù tí ọ̀dà ti bò mọ́lẹ̀; a fi ọ̀bẹ tú u, a sì bá irin náà nínú ihò níbẹ̀. A so okùn tuntun mọ́ ọn, ìka kan ló ń gbé fèrèsé náà báyìí. Ẹ má kàn fi sáńpépà họ ọ̀dà àtijọ́ o, òjé, tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú rẹ̀. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná, pàápàá tí ọmọdé bá wà nílé.

Ilé ìdáná àti balùwẹ̀? Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Èmi ò gbà pé kéèyàn máa fi omi tútù wẹ̀ nítorí ìtàn. Iwájú ilé ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ọ̀pọ̀ ìlú ló ní òfin lórí rẹ̀. New York, fún àpẹẹrẹ, ti ní ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo irú ilé wọ̀nyí láti 1965.

Ẹ má sì gbàgbé aládùúgbò. Ọ̀rinrin kan wà lókè àtẹ̀gùn mi tí kò lọ, a túlé títí, a ò rí nǹkan kan. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ewé dí, tí omi rẹ̀ ń ya sínú ògiri tí a jọ ń lò. A ti jọ ń san owó ẹni tó ń kó ewé báyìí, tiwọn àti tèmi lẹ́ẹ̀kan náà.