Ẹ Yí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wò Ná

Ó pé ọdún 20 lóṣù yìí tí mo ti wà nídìí kápẹ́ẹ̀tì àfọwọ́hun ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin àbúrò mi lẹ ìwé mọ́ kápẹ́ẹ̀tì kan pé ti Tọ́kì ni, nítorí irú kókó tí wọ́n so sí i. Ó dùn mí, torí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti jẹ mí níyà rí.

Èkíní, kókó ọ̀hún tó di fọ́nrán òòró méjì mú lọ́gbọọgba, òun ni wọ́n ń so ní Anatolia ní Tọ́kì, òun náà ni wọ́n ń so ní Caucasus, agbègbè olókè tó wà ní àríwá ìlà oòrùn Tọ́kì. Kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀.

Èkejì, ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Kazak, ọ̀kan nínú àwọn irú kápẹ́ẹ̀tì Caucasus, a máa ga nírun, fọ́nrán ìbú rẹ̀ sì sábà máa ń pupa. Ti Shirvan àti Kuba, ní Caucasus kan náà, kúrú nírun, kókó wọn sì wẹ́. Àmọ́ Bergama ní Tọ́kì náà ń lo fọ́nrán ìbú pupa, ẹ má fi ẹ̀rí kan ṣoṣo dájọ́.

Ẹ̀kẹta, àwòrán ojú rẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí èyí.

Ọdún kẹrin mi nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì kan wọlé, òdòdó ńláńlá mẹ́ta láàárín, ìkọ́ yí wọn ká, pupa rẹ̀ ń dán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kíá: "Kazak, nǹkan bí 1890." N kò yí i padà. Èmi tí bàbá bàbá mi hun òfì ní Ìṣẹ́yìn, tí kì í gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ láìwo ẹ̀yìn rẹ̀!

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìyá òyìnbó tó rà á gbé e padà wá. Kò pariwo. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó fa fọ́nrán òòró kan yọ níbi tó ti yọ jáde létí rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó sì gbé e sí mi nímú. Irun àgùntàn tó bá jó a máa rùn bí irun orí, a sì máa ká kò di kóróbótó dúdú. Èyí jó lọ wìì bí ìwé, eérú ló kù. Òwú ni! Irun àgùntàn sì ni fọ́nrán òòró Kazak àtijọ́. Pakistan ni wọ́n ti hun tiwa, lọ́wọ́ àwọn ará Afghanistan tí ogun lé kúrò nílé. Iṣẹ́ wọn dára o, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀gá mi yíjú sí ìyá náà: "Ọmọ iṣẹ́ ló kọ ọ́." Òun ló ra kápẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wọlé, òun ló dá iye lé e, ìbuwọ́lù rẹ̀ wà lábẹ́ tèmi gbàgà. Owó oṣù mi ló gé fún oṣù mẹ́ta. Títí di òní, bí mo bá rántí, àyà mi á gbóná.

Èyí tó kù lára fọ́nrán náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Àbúrò tó lẹ ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wá rí mi lọ́jọ́ Ajé. Mú ìṣáná dání.