Kókó Inú Iyán

Ọjọ́bọ̀, Adó-Èkìtì

Òní ni mo lọ gba èsì àyẹ̀wò ọmú mi, fọ́tò tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe é. Wọ́n ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi pọ́dà sí abíyá wá, torí pé ó máa ń hàn nínú fọ́tò bí ẹfun tí a ta sílẹ̀, wọ́n sì lè ṣì í mú fún nǹkan mìíràn. Wọ́n gbé ọmú mi sórí pátákó ẹ̀rọ tó tutù rinrin, pátákó kejì wá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ má mí o, mà.” Èémí wo ló kù?

Wọn ò rí nǹkan kan. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa kí ojú mi tó bọ́ sí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà: ọmú mi ki, ìpele C. Ká ní mo ti ká ìwé náà sínú àpò ni, kò sẹ́ni tí ì bá sọ ọ́ fún mi. Mo padà wọlé lọ bi dókítà.

Ó gbé fọ́tò náà síwájú iná. Ó ní ọ̀rá máa ń dúdú níbẹ̀, àmọ́ ibi tí wàrà ti ń wá àti okùn ẹran tó dì í mú máa ń funfun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kókó jẹjẹrẹ náà, funfun ni. Bí funfun ọmú bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ki tó, láti A dé D ni wọ́n sì pín in sí. C àti D ni wọ́n ń pè ní èyí tó ki. Kì í ṣe àìsàn, nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ló ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ò sì lè mọ̀ ọ́n. Ọmú tó rọ̀ lè ki. Àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré ló pọ̀ sí lára. Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú ń mú ní ilẹ̀ wa ni kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ó ní kí n fi skáànì, èyí tó ń fi ìró wo inú ara, kún un, torí nínú skáànì, kókó sábà máa ń dúdú lára ẹran funfun.

Nínú mọ́tò ni mo ti ka ìtàn Nancy Cappello, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, lórí fóònù. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ní 2004 dókítà fọwọ́ kan kókó kan. Ẹ̀rọ ò rí i, skáànì ló rí i, ó sì ti tàn ká. Òun ló jà títí ìpínlẹ̀ rẹ̀, Connecticut, fi ṣòfin ní 2009 pé kí wọ́n máa sọ fún obìnrin bí ọmú rẹ̀ bá ki. Ó kú ní 2018. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ tó kan gbogbo Amẹ́ríkà.

Mo bá ìyá mi nídìí odó. Mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn, mo gún un títí mo fi rò pé ó ti kúnná. Wọ́n ní kókó ṣì wà níbẹ̀. Mo wò ó, n ò rí nǹkan kan. “Ta ní ń fojú wá kókó iyán?” Wọ́n tọwọ́ bọ odó, wọ́n fà á yọ, ó tó èkùrọ́. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún wọn. “Ọmú ki? Ṣebí ọmú tó ki ló ń bọ́ ọmọ yó?” Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Ajé ni skáànì. Owó èsúsú ni màá fi ṣe é. Aṣọ ẹbí lè dúró.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti sọ fún àwọn lésìí pé kò sí nǹkan. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wo ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé yẹn. Wọ́n ní àwọn ò rántí ibi tí àwọn fi í sí. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí àpótí.