Ẹ Wo Etí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Pe Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ cath lab (yàrá tí a ti ń tọ́jú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn láti inú), ọ̀rọ̀ ibi tó máa ń dúdú nínú àwòrán OCT, ìyẹn àwòrán inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a fi ìmọ́lẹ̀ yà, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n gbé bàbá kan wá tí àyà máa ń dùn bó bá ti gun àtẹ̀gùn. X-ray fi hàn pé ọ̀kan nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn ti fún. A ti catheter OCT, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ inú rẹ̀, a fi contrast (omi tó ń hàn lójú X-ray) ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́nà, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ríran nínú ẹ̀jẹ̀, a sì ya àwòrán. Mo rí ibi dúdú kan lára ògiri iṣan náà, mo ní, "Ọ̀rá ni." Ọ̀gá mi kò bá mi jiyàn. Wọ́n fi ìka lé etí ibi dúdú náà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Máa tẹ̀ lé ìka mi." Mo tẹ̀ lé e yí ká. Etí rẹ̀ mọ́ kedere, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Kálísíọ̀mù ni!

Àti ọ̀rá àti kálísíọ̀mù ló máa ń dúdú nínú OCT. Etí ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀. Ti ọ̀rá dà bí epo pupa tó ta sí aṣọ funfun: ẹ ò lè tọ́ka síbi tó parí sí. Ìmọ́lẹ̀ kú sínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe sọ bó ṣe nípọn tó. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń la kálísíọ̀mù kọjá, ẹ sì lè wọ̀n ọ́n. Ti bàbá yẹn gbà ju ìdajì òbíríkítí iṣan lọ, ó nípọn ju 0.5 mìlímítà, ó gùn ju mìlímítà 5. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé báyìí, ó ṣòro kí stent, ìyẹn àwọ̀n irin tí a fi ń ṣí iṣan, ṣí tán, àfi tí a bá kọ́kọ́ fọ́ kálísíọ̀mù náà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí tí mo bá rántí bí mo ṣe yára sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí X-ray nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ló ń fi hàn, kì í ṣe ògiri. Onímọ̀ ìṣègùn Glagov àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1987 pé iṣan máa ń fẹ̀ síta fún plaque (ọ̀rá àti kálísíọ̀mù tó ń kó jọ sínú ògiri iṣan), títí plaque náà á fi gba bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àyè rẹ̀, kí ihò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Awọ tó bo ọ̀rá tó léwu jù sì lè má tó màíkírómítà 65. OCT lè rí i, torí ó ń rí ohun tó kéré tó màíkírómítà 10 sí 20. IVUS, àwòrán inú iṣan mìíràn tó ń lo ìró, kò lè rí i, bó tilẹ̀ ń ríran jìnnà ju OCT lọ.

A fọ́ kálísíọ̀mù bàbá yẹn kí a tó ti stent wọlé. Nígbà tí a tún ya àwòrán, stent náà ti ṣí dáadáa, ó lẹ̀ mọ́ ògiri yí ká.